Ọjọ́ Tí Mo Fi Rédíò Ṣàwàdà

Ní Nàìjíríà tiwa yìí, bí sójà bá jí wọ ilé iṣẹ́ rédíò ní ìdájí, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi orin dá ará ìlú lára yá. Ẹni tó bá ti gbọ́njú kó tó di 1999 kò nílò àlàyé. Orin báńdì ológun ni yóò kọ́kọ́ máa dún, yóò máa dún títí tí ọkàn gbogbo ilé yóò fi pòrúurùu, lẹ́yìn náà ni ohùn kan tí a kò gbọ́ rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo wa ní ará ìlú òun, yóò ní àwọn ti gba ìjọba. Nzeogwu ṣe é ní Kàdúná ní oṣù kínní 1966. Dimka ṣe é ní Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976, ọjọ́ tí wọ́n pa Murtala, olórí ìjọba ìgbà náà. Abacha ló ka ti ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, Dogonyaro ka ti oṣù kẹjọ 1985, Orkar ka tirẹ̀ ní oṣù kẹrin 1990. Nítorí náà, n kò lè sọ pé àìmọ̀kan ló ṣe mí. Mo mọ ohun tí orin yẹn jẹ́ létí ọmọ Nàìjíríà. Èmi fúnra mi sì ni sójà tó gbé e sórí afẹ́fẹ́.

Ẹ̀ka sígínà ni mo wà. Iṣẹ́ wa ni kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ibí máa dé etí ọ̀gá ọ̀hún: wáyà, ẹ̀rọ, bátìrì, òpó. Látàárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni mò ń gbé kiri, kò sì sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni èmi náà ní í sọ. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí bárékè kan ní apá ìwọ̀ oòrùn, mo rí i pé ilé iṣẹ́ rédíò kan wà tí kò jìnnà sí wa, wọ́n sì ń ṣe ètò ìkíni láàárọ̀ Sátidé. Mo wọ aṣọ ilé, mo mú ìwé ìkíni lọ síbẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi kan. Obìnrin tó jẹ́ atọ́kùn ètò náà, Àǹtí ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, kò rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi kà. Wọ́n ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ohùn rẹ mà dáa o. Ṣé o máa ń ráyè ní Sátidé?”

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Kò sówó níbẹ̀, kódà èmi ni mo máa ń ra àkàrà àti búrẹ́dì lọ. Mo ń to rẹ́kọ́ọ̀dù, mò ń fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n, mò ń fi bírò yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn kí ẹ̀rọ má bàa jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, Àǹtí ní kí n máa dárúkọ orin. Nígbà tó tún yá, wọ́n fi wákàtí tó ṣáájú ìròyìn aago méje sílẹ̀ fún mi, pé kí àwọn náà lè sùn díẹ̀ sí i. Ìròyìn aago méje yẹn, láti ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́, gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ so mọ́ ọn. Kí ó tó dé, èmi ni mo ni afẹ́fẹ́. Mo ń lu Ebenezer Obey, mò ń lu Sunny Adé, mò ń lu Orlando Owoh fún àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ifọ́n, mò ń kí ìyá ìyàwó, mò ń kí awakọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Òrè. Ẹ ò lè mọ adùn rẹ̀ tí ẹ kò bá jókòó síwájú máíkì rí.

Mo ní láti gba àṣẹ. Sójà kì í lọ sọ̀rọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìròyìn láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ẹ̀ka rẹ̀, èyí kì í ṣe òfin tó fara sin. Sájẹ́ńtì mi nìkan ni mo sọ fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Má ṣáà sọ̀rọ̀ ìjọba níbẹ̀.” Mo sọ ọ́ di àṣẹ.

Fíìmù kan wà tí wọ́n máa ń fi hàn wá nínú ilé ọtí bárékè, nípa sójà Amẹ́ríkà kan tó ń lu orin lórí rédíò ní Saigon nígbà ogun Vietnam, tó ń yẹ̀yẹ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀, tí gbogbo ọmọ ogun sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni gidi ni wọ́n gbé e lé, Adrian Cronauer ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rédíò yìí gan-an ni ilé iṣẹ́ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà fi í ṣe níbẹ̀ ní 1965 sí 1966. Ọdún 1987 ni fíìmù náà jáde. Mo wò ó débi pé mo lè ṣe bíi Robin Williams, òṣèré tó kópa rẹ̀, lójú oorun. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, tí mo kà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ni pé Cronauer fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá ṣe ìdajì ohun tí wọ́n fi hàn nínú fíìmù yẹn, ẹ̀wọ̀n ológun ni òun ì bá ti lo ayé òun. Ẹ wá wo èmi ọmọ oko Ajue tó fi ohun tí wọ́n ṣe nínú fíìmù kọ́ iṣẹ́.

Àkókò náà kò sì dára. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá 1997 ni wọ́n mú Ọ̀gágun Ọládipọ̀ Dìyà, igbákejì Abacha tó jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà náà, pé ó fẹ́ dìtẹ̀ gbàjọba. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n kó pẹ̀lú rẹ̀. Nínú bárékè, àwa tí a jọ ń sọ èdè kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì bá ara wa sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé à ń gbèrò. Ní oṣù kejì 1998, wọ́n gbé Dìyà àti àwọn yòókù lọ sí Jọ́ọ̀sì fún ìgbẹ́jọ́. Àárín oṣù náà gan-an ni ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi bọ́ sí.

Epo bẹtiróò wọ́n lásìkò yẹn, Àǹtí kò rí ọkọ̀ wọ̀ dé. Èmi nìkan ni mo wà ní yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, onímọ̀ ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ilé lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀. Mò ń wá orin tí n óò fi kí ọ̀rẹ́ mi nínú àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù, ọwọ́ mi sì ba báńdì ológun. Eruku ti bo páálí rẹ̀, ẹnì kan ti fi gègé kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gbé e jáde. Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé e lé ẹ̀rọ, mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, mo jẹ́ kó dún dáadáa. Lẹ́yìn náà mo fa ohùn mi wálẹ̀, mo sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn ọ̀gágun ṣe máa ń sọ ọ́, mo pe gbogbo ọmọ Nàìjíríà, mo dárúkọ ara mi àti ipò mi, mo ní ní orúkọ gbogbo àwọn ọmọ ogun, a ti gba ìjọba. Ibẹ̀ ni mo ti yí i padà sí Yorùbá: ìjọba ilé ìdáná ni a gbà. Mo ní a ti fòfin de ẹ̀fọ́ tí kò ní ẹran. Mo ní kí ìyàwó kankan má ṣe rojọ́ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Mo kí ọ̀rẹ́ mi kú ọjọ́ ìbí, mo sì ju Sunny Adé sí i.

Gbogbo rẹ̀ kò tó àkókò tí ènìyàn fi ń mu ife omi kan tán. Onímọ̀ ẹ̀rọ sáré wọlé láìwọ bàtà. Kò bá mi jà, kò bú mi. Ó kàn gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí orin, ó ń wò mí lójú bí ẹni wo òkú. Tẹlifóònù ọ́fíìsì iwájú ti ń dún.

Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn rẹ̀, n kò ní fa á gùn. Wọ́n wá mú mi. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lálaalẹ́: ta ló rán ọ? Ta ni ọ̀gá tó wà lẹ́yìn rẹ? Wọn kò fẹ́ gbọ́ ti àwàdà. Bí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí ni, wọn á ní kí n tún un sọ. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo dárúkọ sájẹ́ńtì mi pé ó mọ̀. Òótọ́ ni, ó mọ̀ pé mò ń lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni pé ó rán mi ni. Ọkùnrin náà kò gba ipò kankan mọ́ títí ó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 1998 ni Abacha kú. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún mi, wọ́n fún mi ní ìwé ìlénilẹ́nu iṣẹ́, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí kọ́bọ̀. Mo gba èyí. Èmi ni mo jẹ gbèsè rẹ̀, èmi náà ni mo san án.

Gbèsè tí n kò san ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí.

Ajue ni wọ́n ti bí mi, láàárín oko kòkó ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó. Bàbá mi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Apá Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá wá ilẹ̀ kòkó, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe wá nígbà tí ilẹ̀ tiwọn ti gbó. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Bàbá mi kì í sanwó láìgba ìwé. Kódà bí onílẹ̀ kò bá ní ju bébà inú ìwé ọmọ ilé ìwé lọ, wọ́n á ní kó kọ ọ́, kó tẹ̀ka, kí ẹlẹ́rìí náà tẹ̀ka. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé gómìnà ló ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n nínú igbó kòkó, bébà onítẹ̀ka wọ̀nyẹn ni gómìnà wa. Nígbà tí bàbá mi kú, inú àpótí onírin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá ni gbogbo wọn wà, nínú ọ̀rá funfun. Ibẹ̀ náà ni màmá kó àwọn lẹ́tà mi sí, àti fọ́tò tí mo yà nínú aṣọ ológun, àti bẹ́líìtì mi àtijọ́.

Màmá ní rédíò kékeré kan. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti ń kú, wọ́n á sá a sóòrùn lórí páànù, yóò sì tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gbọ́ mi. Wọ́n ti sọ fún gbogbo Ajue pé ọmọ àwọn ló ń kí wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, báńdì ológun ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ohùn tí wọ́n bí, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ orúkọ mi, wọ́n sì gbọ́ “Nigeria.” Bátìrì sì kú. Ẹ̀fọ́ tí kò ní ẹran kò dé etí wọn láé.

Ẹ má ṣe dá wọn lẹ́bi títí ẹ ó fi gbọ́ èyí. Ìyàwó kékeré tuntun ni màmá ní 1967. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún náà ni ọmọ ogun Biafra wọ ẹkùn Àárín Gbùngbùn Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n gba Bìní, wọ́n sì ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa títí dé Òrè. Victor Banjo ló ṣáájú wọn, sójà Yorùbá, ó sì sọ̀rọ̀ lórí rédíò láti Bìní ní oṣù kẹjọ yẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbọn ń dún ní Òrè, ìjà tí gbogbo Yorùbá fi ń pòwe títí dòní. Àwọn ará oko sá wọ igbó, màmá wà nínú wọn. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án yóò fi parí, ìròyìn ti dé pé Ojúkwu, olórí Biafra, ti pa Banjo ní Enugu. Bí màmá ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ nípa rédíò nìyẹn. Dimka sọ̀rọ̀, wọ́n yìnbọn pa á. Orkar sọ̀rọ̀, wọ́n yìnbọn pa á. Àwọn tó sọ̀rọ̀ tí wọ́n di ọba kò sí nínú ìṣirò tiwọn. Mo sì lè sọ pé ìṣirò màmá dára ju tèmi lọ.

Wọ́n fa àpótí jáde. Wọ́n rò pé sójà yóò dé kí ilẹ̀ tó ṣú, pé ohunkóhun tó bá ní orúkọ mi nínú yóò pa mí, yóò sì pa àwọn àbúrò mi. Màmá kò mọ̀wé. Lẹ́tà ni, rìsíìtì ni, bébà ni gbogbo wọn lójú wọn, àwọn tó sì ní òǹtẹ̀ lára gan-an ló jọ ìwé ìjọba jù. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí a ti ń sá kòkó, wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n ṣáná. Bẹ́líìtì náà jó, ṣùgbọ́n orí rẹ̀, idẹ ni, kò jó. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sábẹ́ igi obì, wọ́n rì í mọ́lẹ̀.

Mo padà dé Ajue ní ọdún yẹn, mo rù hangogo. Màmá fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní, “Ó ti tó, o ti dé.” Alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Wọn kò sunkún. Wọ́n ní onílẹ̀ mọ̀ wá, pé ọmọlúàbí ni, pé kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní tí àwọn àbúrò mi bá bèèrè, àtùpà ló ṣubú sórí àpótí. “Má jẹ́ kí wọ́n máa fi ọ́ ṣe ẹ̀sín.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ṣe bí ọmọ tó ń gbọ́ràn sí ìyá lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ pé ara mi ni mò ń bò.

Onílẹ̀ kò bá wa jà ní tòótọ́ títí ó fi kú. Màmá náà lọ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Òrè, mò ń tún rédíò àti fóònù ṣe, owó kòkó kì í ṣe nǹkan ńlá nígbà náà, kò sí ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn. Ìgbà tó di 2024, tí iye kòkó lágbàáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, àwọn ọmọ-ọmọ onílẹ̀ tí a kò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ wá láti ìlú ńlá. Wọ́n wọn oko. Wọ́n ní ta ló fún yín nílẹ̀, kí lẹ san, ìwé dà? Ọwọ́ wa ṣófo. Àwọn ẹlẹ́rìí tó tẹ̀ka ti kú tán. A ń lọ a ń bọ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ títí àwọn àgbààgbà fi ní kí a jọ pín in. Ìdajì oko ti bọ́, apá odò tí kòkó rẹ̀ dára jù sì ni. Lórí èyí tó kù, ìṣákọ́lẹ̀ tuntun ni à ń san fún igi tí bàbá wa fi ọwọ́ ara wọn gbìn.

Ní ìpàdé ẹbí tó kẹ́yìn, ẹ sọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ ní àìfarabalẹ̀ màmá ló ba ayé wa jẹ́, pé obìnrin wo ló ń gbé àtùpà sórí àpótí tí ìwé oko wà nínú rẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n yín wà níbẹ̀, mò ń wo ilẹ̀. Àtùpà kankan kò ṣubú. Èmi ni mo fi ẹnu jó ìwé yẹn, láti ibi tó jìnnà sí Ajue, pẹ̀lú báńdì ológun àti àwàdà tí èmi nìkan rò pé ó dùn. Màmá ń gba ẹ̀mí yín là ni, wọ́n sì gba ẹ̀bi náà mọ́ra títí wọ́n fi wọlẹ̀.

Mo ti lọ bá akọ̀wé kóòtù. Ìpín tèmi nínú ohun tó kù, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sí i. Àbúrò wa obìnrin ni kó kọ́kọ́ yan apá tó bá wù ú, nítorí òun nìkan ló ń tẹnu mọ́ ọn láti ọdún yìí wá pé màmá kì í fi àtùpà sílẹ̀ láìpa á.